Orí Keje: Iṣẹ́ fún Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹni tó ń wa mọ́tò oníjíà ọ́tò, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́; tòsì kàn jókòó bí àlejò tí wọn kò tíì bu omi fún ni. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó bá mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń rí láti Berger wọ Aláúsá ní aago méje àárọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá yà sí ọgbà mọkálíìkì ní agbègbè Agége, Ọ̀gbà tàbí Agídíngbí, ẹ lè bá píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ jíà ọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, tí jíà mánúà tọ́kùnbọ̀ kan sì jókòó sórí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń retí àtiwọlé. Olówó mọ́tò ti pinnu pé ẹsẹ̀ òsì òun gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti bi irú wọn léèrè ìdí rẹ̀. “Jíà mánúà lágbára ju ọ́tò lọ” ni ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ láyé mólúè, nígbà tí wọ́n ń kan ara bọ́ọ̀sì lé orí Mercedes 911. Lónìí, ẹ wo Hilux tí ojú gbogbo wa mọ̀ dunjú. Lọ́dún 2020 tí Toyota tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2.8 rẹ̀ ṣe, ó jẹ́ kí èyí tó ní jíà ọ́tò ní ipá 500 Nm. Èyí tó ní jíà mánúà, 420 Nm ló fi mọ. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni o. Àwọn tó kọ́ ọ gan-an ni kò jẹ́ kó fi gbogbo ara lu jíà mánúà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Ram ti ọdún 2018 tó ní ẹ́ńjìnnì Cummins 6.7, ẹni tó ra èyí tí jíà ọ́tò rẹ̀ le jù lọ gba nǹkan bí 1,260 Nm, ẹni tó ra mánúà gba nǹkan bí 895. Lẹ́yìn ọdún yẹn, wọ́n pa mánúà tì pátápátá. Ford ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú. 2010 ni mánúà ti kásẹ̀ nílẹ̀ nínú Super Duty rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń sá fún? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí Nm yìí ń wọ̀n ná.

Ẹ mú sípánà táyà tó gùn ní ìdajì mítà. Ẹ fi kọ́ nọ́ọ̀tì tó ti di, kí sípánà náà nà gbọọrọ níbùú, kí ọmọ iṣẹ́ tó wọn kílò 70 wá gun ìdí rẹ̀. Ipá tó ń yí nọ́ọ̀tì yẹn lákòókò náà tó 343 Nm. Ó bọ́ sí i wẹ́kú pé òun gẹ́lẹ́ ni ipá ìyí ẹ́ńjìnnì 3.0 D-4D tó wà nínú Hilux tó ṣáájú ti 2.8. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá ti gbọ́ 343 Nm, kí ọmọ iṣẹ́ yẹn wá sí yín lọ́kàn. 500 Nm ń fẹ́ ẹni tó wọn kílò 102. Ram tó jáde lọ́dún 2019 pẹ̀lú nǹkan bí 1,356 Nm, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni yóò jọ gun sípánà kan ṣoṣo.

Ọmọ iṣẹ́ máa ń gun sípánà kó tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í sọ̀kalẹ̀. Kódà, kì í tẹ nǹkan wọ́ọ́rọ́wọ́, ńṣe ló ń gbá a. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin máa ń gbiná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bó bá wà lórí sílóò, tó ń yí nígbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ló ń gbá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti dísẹ́ẹ̀lì sì tún le ju ti pẹtiróòlù lọ. Ọgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel fi han ayé ní Jámánì lọ́dún 1897 ni pé kí a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbóná janjan, kí epo tó bá kàn án gbiná fúnra rẹ̀, láìsí pé púlọ́ọ̀gì kankan ṣáná sí i. Ohun tí wọ́n fún pọ̀ tó báyìí kò lè dákẹ́ nígbà tó bá gbiná. Ariwo “gbàgbàgbà” tí píkọ́ọ̀pù ń pa láàárọ̀ kùtù, ìgbá yẹn lẹ ń gbọ́.

Jíà wá tún sọ ipá náà di púpọ̀. Ní jíà kìíní, ó ń di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó bá dé ìdí ẹ̀yìn, ìyẹn díìfù, ó tún di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin lórí ti àkọ́kọ́. 343 tó kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì lè dé ẹsẹ̀ táyà ní nǹkan bí 5,500. Gbogbo irin tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ mọ́ra, látorí kíráńkì dórí eyín jíà, pọ̀rópẹ́là, kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ àti díìfù. Bí ipá bá pọ̀ ju ohun tí ọ̀kan nínú wọn lè gbà lọ, ibẹ̀ ni yóò ti já. Ìbéèrè tí mọkálíìkì gidi máa ń bi ara rẹ̀ kó tó tú nọ́ọ̀tì kankan ni pé: ibo ni mo fẹ́ kó ti yọ̀, kí ohunkóhun má baà ṣẹ́?

Jíà ọ́tò dáhùn ìbéèrè yẹn pẹ̀lú epo. Ẹ gbé fáànù méjì kọjú síra wọn, kí ẹ tan ọ̀kan ṣoṣo. Èkejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ẹ fi epo rọ́pò afẹ́fẹ́, kí ẹ sé àwọn méjèèjì mọ́ inú agolo irin kan, ẹ ti ní ohun tí Hermann Föttinger, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí lọ́dún 1905 nítorí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn mọkálíìkì wa ń pè é ní converter. Irin kò kan irin nígbà tí mọ́tò bá ń ṣí, nítorí náà kò sí ìgbá tó ń dé ọ̀dọ̀ jíà ní tààrà. Ó tún lè sọ ipá di nǹkan bí ìlọ́po méjì nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ooru ni owó tí a ń san fún un, epo náà ló sì ń ru ooru ọ̀hún lọ sí ibi tí wọn yóò ti tù ú lára níwájú rédíétọ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Epo tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ọjọ́ tí mọ́tò ti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, epo mìíràn tí kò bá a mu tí wọ́n dà lé e, ibi ìtutù tí ẹrẹ̀ ti dí, ẹrù tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lórí rẹ̀, oòrùn ọ̀sán lórí òpópónà Ọba Akran. Epo á jóná, á dúdú, jíà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Wọ́n á ní jíà ọ́tò kò lágbára. Epo ló pa á. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti pààrọ̀ rẹ̀ sí mánúà yàtọ̀ sí agbára: jíà mánúà, ohun tó bá ṣe é ṣeé fojú rí. Eyín tó jẹ, bẹ́ríńgì tó ń hu, ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè fi ìka tọ́ka sí i. Ọ̀nà kéékèèké tí epo ń gbà nínú ikùn jíà ọ́tò, àti àwọn solenoid tó ń ṣí wọn tó ń tì wọ́n, ọ̀wọ́n ni ẹni tó mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá sì lọ ra odidi jíà ọ́tò ní ọjà Ládípọ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ẹ ò lè gbọ́n ọn wò kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń yọ̀.

Mánúà dáhùn ìbéèrè kan náà pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti jẹ búrẹ́dì Agége pẹ̀lú àkàrà ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Búrẹ́dì kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún, àkàrà wà láàárín. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí ẹ wá yí búrẹ́dì, àkàrà á bá a yí. Bí ẹ bá dẹwọ́, búrẹ́dì nìkan ló ń yí, àkàrà dúró. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ ni fíláwíìlì tó so mọ́ ìdí kíráńkì, èkejì ni pressure plate, díìsì ni àkàrà, òun ló sì so mọ́ jíà. Sípíríǹgì ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì ni láti dẹ̀ ẹ́.

Báwo ni sípíríǹgì náà ṣe gbọ́dọ̀ le tó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kò le. Ohun tí wọ́n fi bo ojú díìsì ń di irin mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá fi kílò 10 tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí kílò 3 ni yóò fi kọ̀ láti yọ̀. Díìsì ní ojú méjì, nítorí náà kílò 3 di 6. Bí àárín ojú tó ń kan irin bá jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, a jẹ́ pé sípíríǹgì ní láti tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé kílò 530 lé e kó tó lè di 343 Nm mú. Ó ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Fún 500 Nm, ó di nǹkan bí kílò 770. Àwọn tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì sì máa ń bù kún un, torí díìsì ń jẹ, ó sì ń gbóná. Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí díìsì tóbi sí i, kí ó di méjì, tàbí kí a fi ohun tó le bí àwo amọ̀ bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Sípíríǹgì tó le, orúnkún yín ló ń san án. Díìsì alámọ̀ kì í rọra gbá nǹkan mú: ó ń yọ̀ tàbí kó gbá a mú pátápátá, kò sí àárín.

Èmi náà ti ra ọ̀kan rí. Mo ń yangàn káàkiri pé kílọ́ọ̀ṣì tèmi kì í yọ̀. Lọ́jọ́ òjò kan, ní òpópónà kékeré kan lẹ́yìn Ọ̀gbà, táyà ẹ̀yìn kan kó sí gọ́tà. Mo tẹ epo, mo sì já ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Kán!” Kúrọ́ọ̀sì pọ̀rópẹ́là ti là sí méjì. Mọkálíìkì tó wá fà mí jáde yọjú wo abẹ́ mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn lẹ tì pa. Ògiri ló wá gbà jáde.” Èmi ni mo ni kílọ́ọ̀ṣì náà, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé yíyọ̀ kì í ṣe àléébù kílọ́ọ̀ṣì; iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó yẹ kó le ju ẹ́ńjìnnì lọ díẹ̀, kó sì rọ̀ ju jíà àti pọ̀rópẹ́là lọ.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó bá ní jíà nìkan lẹ máa rà, ẹ sá fún un. Ohun tó dára jù ni kí ẹ rí gbogbo nǹkan gbà lára mọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ mánúà látilẹ̀wá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá tiyín mu, nítorí ẹnu jíà ẹ́ńjìnnì kan kì í sábà wọ ti òmíràn. Irin pẹlẹbẹ tó wà nídìí kíráńkì mọ́tò ọ́tò kò lè ṣe iṣẹ́ fíláwíìlì, ó fẹ́lẹ́ jù. Fíláwíìlì gidi gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ihò kékeré kan wà láàárín ìdí kíráńkì tó yẹ kí bẹ́ríńgì wà níbẹ̀ láti gbé ìmú ọ̀pá jíà. Nínú mọ́tò ọ́tò, wọn kì í sábà fi í síbẹ̀, bí mọkálíìkì bá sì gbàgbé rẹ̀, ọ̀pá náà á máa jó, jíà á máa ké, wọ́n á tún sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láàárín oṣù kan. Pẹ́dàlì tún wà níbẹ̀, àti sílíńdà rẹ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Pọ̀rópẹ́là lè gùn jù tàbí kó kúrú jù. Irin tó ń gbé ìdí jíà lábẹ́ lè má sí ní ibi tó yẹ. Bí píkọ́ọ̀pù bá jẹ́ four-wheel, àpótí jíà kejì náà gbọ́dọ̀ mọ eyín èyí tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn.

Bí ẹnu méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, àwọn kan máa ń gé irin tó nípọn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lééèdì gbẹ́ ẹ bí àfárá láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá jíà gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn kíráńkì gẹ́lẹ́. Bó bá fi ìdá kan nínú ìdá márùn-ún mìlímítà yà, díìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú kò lè wọn ìyẹn, wélídà kò sì lè tún un ṣe. Ẹ bi onílééèdì pé irin ìwọ̀n wo ló fi wọ̀n ọ́n. Bó bá ní ojú lòun fi wò ó, ẹ gbé irin yín padà sílé.

Ọ̀rọ̀ brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló le jù lára mọ́tò òde òní. Ẹ́ńjìnnì ń bá jíà ọ́tò sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ jíà, ó ń pè, kò rí ẹni dáhùn. Mọ́tò míì á tan iná pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, òmíràn á kọ̀ láti sáré. Èyí tó burú jù kì í tan iná kankan. Ẹ rántí 500 àti 420 yẹn. Bí ẹ bá gbé jíà mánúà ti 420 Nm sínú Hilux ọ́tò, tí brain box ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìyí padà, 500 Nm ni yóò máa fún un bó ṣe ń ṣe. Ìyẹn fi nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ju ohun tí wọ́n ṣe kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún lọ. Ẹ wá brain box mánúà, tàbí kí ẹ wá ẹni tó lè dín in kù nínú èyí tó wà níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ sítátà, torí ó lè gba ẹ̀mí. Mọ́tò ọ́tò kì í dáhùn kọ́kọ́rọ́ àfi tí ọ̀pá bá wà ní P tàbí N. Nígbà tí jíà ọ́tò bá ti lọ, ohun tí rẹ́wáyà tó ń kánjú máa ń ṣe ni pé kó so wáyà méjèèjì pọ̀, kó parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò yóò máa dáhùn kọ́kọ́rọ́ nígbàkígbà, bó tilẹ̀ wà ní jíà kìíní. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ iṣẹ́ dúró láàárín bọ́ńpà àti ògiri, ẹlòmíràn na ọwọ́ gba fèrèsé wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Píkọ́ọ̀pù á fò síwájú. Bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí abẹ́ pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, tí kò ní jẹ́ kí sítátà ṣiṣẹ́ àfi tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì dé ilẹ̀. Ẹ má sanwó iṣẹ́ tán kí wọ́n tó fi í sí i lójú yín.

Ká wá padà sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Píkọ́ọ̀pù tó wọn tọ́ọ̀nù méjì, tó ru tọ́ọ̀nù kan, bó bá ṣí láti ojú kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí tó fi ń sáré kìlómítà 10 ní wákàtí kan, agbára tó wọ inú ìsáré rẹ̀ tó nǹkan bí joule 11,600. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró sójú ìyára kan, tí ẹ rọra ń tú pẹ́dàlì sílẹ̀, iye kan náà ló máa di ooru lójú díìsì. Bí awakọ̀ ṣe mọṣẹ́ tó kò lè mú un kúrò. Ẹ ṣí, ẹ dúró, ẹ ṣí, ẹ dúró, nígbà àádọ́ta láti Berger dé Sẹkitéríàtì Aláúsá: joule 580,000. Ó tó láti mú omi tí kò pé lítà méjì hó láti orí tútù. Nínú jíà ọ́tò, epo ló ń gbé ooru yẹn lọ. Nínú mánúà, díìsì àti irin tó yí i ká ló ń jẹ ẹ́ sára. Ẹni tó tún wá ń fi ẹsẹ̀ sinmi lórí pẹ́dàlì nígbà tó ń rìn, ńṣe ló ń fi iná sí i láìdáwọ́ dúró.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Reluwé ń kọjá ní Agége, láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Orí ọkọ̀ tó ń fa àwọn yòókù ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí Hilux jẹ́ ọmọdé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí àpótí jíà tàbí kílọ́ọ̀ṣì irú tiwa nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń yí jẹnẹrétọ̀, iná ń lọ sọ́dọ̀ mọ́tò iná tó wà nídìí táyà irin. Àwọn tó kọ́ ọ rí i pé ipá tó tó bẹ́ẹ̀, kò sí díìsì tí yóò máa dì í mú lójoojúmọ́ láìjóná. Ohun tí Ram àti Ford ń sá fún kò jìnnà sí ìyẹn.

Èrò tèmi rèé. Bí píkọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ 3.0 D-4D, tí ẹ rí gbogbo nǹkan gbà lára mọ́tò kan, ẹ ṣe é; yóò sìn yín, mọkálíìkì tó sún mọ́ ilé yín á sì lè tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sókè 500 Nm, ẹ fi owó yẹn tún jíà ọ́tò ṣe, kí ẹ ra epo tó bá a mu, kí ẹ sì fi ìtutù tó tóbi sí i.

Ẹni tó bá sì ti ṣe é tán, kó má tíì di ẹrù lé e. Díìsì tuntun kò tíì mọ irin. Ẹ fi nǹkan bí kìlómítà 800 rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìgboro kí ojú wọn tó mọ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ gun afárá Pen Cinema lọ́jọ́ tí ọ̀nà ṣófo, ní jíà tó ga jù, ní nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí, kí ẹ tẹ epo dé ilẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá fò sókè, tí mọ́tò kò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nígbà tí kò yẹ kó yọ̀. Ẹ yí padà sọ́gbà mọkálíìkì lọ́jọ́ náà gan-an.